Àká tuntun fún kọ̀ǹpútà: script kékeré tí a lè kà tán

Ẹni tó bá gba ọ̀nà Bauchi jáde kúrò láàárín ìgboro Jos, yóò kan Naraguta. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún ogún, ọ̀kan lára ibi tí àwọn òyìnbó tó wá wa tin kọ́kọ́ tẹ̀dó sí ni. Lónìí, ọgbà Yunifásítì Jos ló wà níbẹ̀. Ilé-ẹ̀kọ́ náà kì í ṣe àjèjì sí àwa ọmọ Yorùbá, nítorí láti ara Yunifásítì Ìbàdàn ló ti yọ. Oṣù kọkànlá ọdún 1971 ni Ìbàdàn dá ẹ̀ka kan sílẹ̀ ní Jos, nígbà tó sì di oṣù kẹwàá ọdún 1975, ẹ̀ka náà di yunifásítì tó dá dúró. Ariwo tin ti rọlẹ̀, ṣùgbọ́n kòtò tí wọ́n gbẹ́ kò dí. Òjò ti sọ púpọ̀ nínú wọn di adágún káàkiri ilẹ̀ olókè Jos.

Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti àpáta ní Naraguta lè fẹ́ ya àwọn adágún yìí sórí máàpù. Àdúgbò náà ti lórúkọ lórí máàpù tẹ́lẹ̀: nígbà tí wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí ojú ìwé máàpù lóríṣiríṣi, Naraguta ni orúkọ ojú ìwé 168. Ètò kọ̀ǹpútà tó bá iṣẹ́ náà mu ni QGIS, tí Gary Sherman bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2002, tí kò sì sí ẹni tó ń san kọ́bọ̀ kí ó tó lò ó. Bí ó bá jẹ́ Ubuntu ló wà lórí kọ̀ǹpútà akẹ́kọ̀ọ́ náà, QGIS ti wà nílẹ̀ fún un láti bù. Àmọ́ ẹ̀dà tó wà nílẹ̀ yẹn sábà máa ń ti pẹ́ díẹ̀. Bí ó bá fẹ́ ẹ̀dà tuntun, àfi kí ó fi ibòmíràn han kọ̀ǹpútà rẹ̀. Bí a ṣe ń fi ibòmíràn yìí hàn án, tí a kò sì ní ba ilé ara wa jẹ́, ni mo fẹ́ ṣàlàyé.

Kí ni àká?

Ẹni tó bá fi Windows kọ́ kọ̀ǹpútà mọ bí wọ́n ṣe ń wá ètò: ẹ wọ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wá fáìlì, ẹ gbà á wálẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, tàbí kí ẹ fi flash gbà á lọ́wọ́ ọ̀rẹ́. Kò sí ẹni tó mọ ọwọ́ mélòó ni fáìlì náà ti gbà kọjá. Ọ̀nà tí àwọn tó ṣe Debian gbà yàtọ̀. Ian Murdock ló dá Debian sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 1993. Èrò wọn ni pé kí wọ́n kó àwọn ètò jọ sí ojú kan, kí àwọn tó mọ iṣẹ́ yẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lù wọ́n, kí kọ̀ǹpútà sì máa lọ bu ohun tó bá fẹ́ níbẹ̀. Ojú kan yẹn ni mo ń pè ní àká. Bí àgbẹ̀ ṣe ń kó àgbàdo sínú àká, tí ará ilé ń lọ bù ú nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dáná, bẹ́ẹ̀ náà ló rí. Ubuntu, tí ilé-iṣẹ́ Canonical ti Mark Shuttleworth gbé jáde ní oṣù kẹwàá ọdún 2004, jogún ìlànà yìí lọ́wọ́ Debian.

Ẹni tí a ń rán lọ sí àká ni apt. Bí ẹ bá tẹ àṣẹ apt update, ńṣe ni apt yóò lọ sí gbogbo àká tó mọ̀, yóò sì mú ìwé ohun tó wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan bọ̀. Bí ẹ bá tẹ apt install, yóò wo ìwé náà, yóò mú ètò tí ẹ fẹ́ wá, yóò sì kó gbogbo ohun tí ètò yẹn nílò kó tó lè ṣiṣẹ́ mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n báwo ni apt ṣe mọ ọ̀nà àká? Inú fódà /etc/apt ni àdírẹ́sì wọn wà. Láyé àtijọ́, fáìlì kan ṣoṣo tó ń jẹ́ sources.list ló ru gbogbo rẹ̀. Fódà kan tó ń jẹ́ sources.list.d wá dé, tí àká kọ̀ọ̀kan fi lè ní fáìlì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Láti Ubuntu 24.04, inú fódà yìí ni àdírẹ́sì àká Ubuntu fúnra rẹ̀ ń gbé, nínú fáìlì tó ń jẹ́ ubuntu.sources. Gbogbo iṣẹ́ tí à ń pè ní fífi àká kún kọ̀ǹpútà kò ju kí a fi fáìlì kékeré kan sínú fódà yẹn, kí a sì fi kọ́kọ́rọ́ tó bá a lọ, èyí tí a óò ṣàlàyé níwájú, sí àyè tirẹ̀.

Kí ló dé tí àká kan kò tó?

Ẹ̀dà Ubuntu tí wọ́n ń pè ní LTS máa ń gba àtúnṣe ààbò fún ọdún márùn-ún. Láàárín ọdún márùn-ún náà, wọ́n ń dí ihò, wọn kì í sábà pààrọ̀ ògiri. Èyí dára fún ẹni tó fẹ́ kí kọ̀ǹpútà òun rí lọ́la bó ṣe rí lónìí. Kò tẹ́ ẹni tó nílò ohun tuntun tí wọ́n ṣe lóṣù tó kọjá lọ́rùn. Ìdí nìyí tí àwọn tó ń ṣe QGIS fi dá àká tiwọn sílẹ̀. Ní ọdún 2007 ni Launchpad, tó jẹ́ ti Canonical, ṣí ìlẹ̀kùn PPA, tí ẹnikẹ́ni fi lè ní àká ara rẹ̀, kí ó kó ètò sí i, kí ó sì pe aráyé wá bù. Àwọn tó mọ iṣẹ́ dá tiwọn sílẹ̀, àwọn tí kò mọ̀ ọ́n náà sì dá tiwọn. Ọwọ́ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni yíyàn wà.

Script náà

Script kì í ṣe awo. Àṣẹ tí ẹ ìbá máa tẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lójú dúdú terminal ni ẹ kọ sínú fáìlì kan, tí kọ̀ǹpútà wá ń kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ohun mẹ́ta ló mú kó wúlò. Ìkíní, ọwọ́ ènìyàn ń ṣì: lẹ́tà kan péré tó bá yẹ̀ nínú àdírẹ́sì, àká kò ní ṣí. Ìkejì, ẹni tó ń tọ́jú yàrá kọ̀ǹpútà ilé-ẹ̀kọ́ kò lè jókòó tẹ àṣẹ kan náà sórí ogún ẹ̀rọ. Ìkẹta, script ń rántí fún wa. Bí díìsì bá bàjẹ́ lọ́dún tó ń bọ̀, fáìlì náà yóò sọ ohun tí a ṣe lọ́dún yìí. Ẹ wo èyí tó ń fi àká QGIS kún Ubuntu:

#!/bin/bash
# Script yìí ń fi àká QGIS kún Ubuntu
set -eu
. /etc/os-release
oruko=$UBUNTU_CODENAME

# Kọ́kọ́rọ́ àká
install -d -m 755 /etc/apt/keyrings
wget -O /etc/apt/keyrings/qgis-archive-keyring.gpg https://download.qgis.org/downloads/qgis-archive-keyring.gpg

# Àdírẹ́sì àká
cat > /etc/apt/sources.list.d/qgis.sources <<EOF
Types: deb
URIs: https://qgis.org/ubuntu
Suites: $oruko
Architectures: amd64
Components: main
Signed-By: /etc/apt/keyrings/qgis-archive-keyring.gpg
EOF

apt update

Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìlà àkọ́kọ́ ń sọ fún kọ̀ǹpútà pé ètò tó ń jẹ́ bash ni yóò ka fáìlì náà. Ìlà tó bá fi àmì # bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tiwa ni. Kọ̀ǹpútà kì í ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀, nítorí náà a lè fi Yorùbá kọ ọ́ fún ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ubuntu ní ètò bọ́tìnnì Yorùbá lábẹ́ orúkọ Nàìjíríà, a lè fi tẹ àmì ohùn sí i dáadáa.

Set -eu kúrú, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe. Ó ní bí ohunkóhun bá yí nínú àṣẹ kan, kí script dúró síbẹ̀, kí ó má ṣe tẹ̀síwájú bí ẹni pé ilé tòrò. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já nígbà tí kọ́kọ́rọ́ ń bọ̀, script kò ní kọ àdírẹ́sì àká tí kò ní kọ́kọ́rọ́.

Àwọn ìlà méjì tó tẹ̀ lé e ń bi kọ̀ǹpútà léèrè orúkọ ara rẹ̀. Ẹ̀dà Ubuntu kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ: jammy ni 22.04, noble ni 24.04. Ohun tí wọ́n kó sí abẹ́ jammy kò bá noble mu. Ọ̀pọ̀ script tí ènìyàn ń rí kiri ni wọ́n ti kọ orúkọ kan mọ́ inú rẹ̀, tí ó sì kùnà lọ́jọ́ tí Ubuntu tuntun jáde. Ó sàn kí script béèrè ju kí ó méfò lọ. Mo lo UBUNTU_CODENAME nítorí àwọn tó ń lo Linux Mint. Lórí Ubuntu ni wọ́n kọ́ Mint lé, ṣùgbọ́n orúkọ tirẹ̀ yàtọ̀, àwọn àká Ubuntu kò sì mọ̀ ọ́n. Lórí Debian, tí kò ní orúkọ yìí rárá, set -eu yóò dá script dúró kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Òǹtẹ̀ àti kọ́kọ́rọ́

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti jinlẹ̀ jù ni Signed-By. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí apt bá dé àká, ohun tó kọ́kọ́ mú ni ìwé kan tó ń jẹ́ InRelease. Onílé àká ti fi òǹtẹ̀ ara rẹ̀ lu ìwé náà. Nọ́ńbà gígùn kan wà nínú rẹ̀ tí wọ́n ṣírò láti ara ìwé kejì, tó ń jẹ́ Packages. Packages náà ní irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ fún ètò kọ̀ọ̀kan tó wà nínú àká. Bí ẹnikẹ́ni bá fọwọ́ kan ètò kan lójú ọ̀nà, ì báà ṣe lẹ́tà kan ló yí, nọ́ńbà rẹ̀ kò ní bá ti inú ìwé mu mọ́, apt yóò sì kọ̀ ọ́. Òǹtẹ̀ kan ṣoṣo ló ń dúró fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò. Kọ́kọ́rọ́ tí script gbà wálẹ̀ ni apt fi ń mọ̀ pé òǹtẹ̀ náà kì í ṣe ayédèrú.

Tẹ́lẹ̀, àṣẹ kan tó ń jẹ́ apt-key ni wọ́n fi ń gba kọ́kọ́rọ́ wọlé. Àléébù rẹ̀ ni pé gbogbo kọ́kọ́rọ́ ló ń kó sínú àpò kan náà. Kọ́kọ́rọ́ tí ẹ gbà nítorí ètò orin kan wá lágbára láti jẹ́rìí sí ètò tó ń ti gbogbo kọ̀ǹpútà yín lẹ́yìn. Ńṣe ló dà bí ẹni pé ẹ fún aláṣọ lọ́jà ní kọ́kọ́rọ́ ilé nítorí pé ẹ fẹ́ ra ìró. Wọ́n ti fi apt-key sílẹ̀. Signed-By ti so kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan mọ́ àká tirẹ̀, kò lè ṣí òmíràn. Bí ẹ bá rí script tó ṣì ń lo apt-key, ẹ mọ̀ pé ó ti pẹ́, ẹ má lò ó bẹ́ẹ̀.

Àmọ́ ta ló ń jẹ́rìí sí kọ́kọ́rọ́ fúnra rẹ̀? Ojú wa ni. Àṣẹ gpg --show-keys, pẹ̀lú orúkọ fáìlì kọ́kọ́rọ́, yóò fi àmì ìka rẹ̀ hàn: ọ̀wọ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà tí kọ́kọ́rọ́ méjì kì í jọ ní. Ẹ fi wé èyí tí onílé àká kọ síta. Kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ.

Bí ògiri ò bá lanu

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ ibẹ̀. Àká tuntun jẹ́ ihò tí a fọwọ́ ara wa dá sí ògiri. Ó yẹ ká mọ ẹni tí a dá a fún. Ètò tó bá ti inú àká wá, abẹ́ agbára root ni apt ti ń tò ó. Ó lè mú script tirẹ̀ dání, tí yóò sì ṣiṣẹ́ lákòókò náà pẹ̀lú agbára baálé ilé. Yàtọ̀ sí èyí, bí àká àlejò bá ní ẹ̀dà tó ga ju ti Ubuntu lọ, apt yóò mú ti àlejò, kódà bí ètò náà kì í bá ṣe ohun tí ẹ torí rẹ̀ fi àká kún un. Bí kọ̀ǹpútà ṣe ń dàrú nìyẹn láìsí ẹni tó jà á lólè.

Ìtàn kún fún àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ Ubuntu, ètò kan tó ń jẹ́ Automatix gbajúmọ̀ gidigidi. Ó ń fi àká kún kọ̀ǹpútà, ó ń kó ètò orin àti fídíò wọlé, ẹni tó ń lò ó kò nílò láti mọ nǹkan kan. Ní ọdún 2007, Matthew Garrett, tó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ìmọ̀ ẹ̀rọ Ubuntu, ka iṣẹ́ inú rẹ̀. Ó sọ gbangba pé ewu wà nínú rẹ̀ fún kọ̀ǹpútà tó bá lò ó. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń lò ó ni kò kà á. Ẹni tó kà á ló rí i.

Ní oṣù kejì ọdún 2016, àwọn olè wọ ojúlé íntánẹ́ẹ̀tì Linux Mint, wọ́n sì darí àwọn tó fẹ́ gbà á sí ẹ̀dà tí wọ́n ti fi májèlé sí. Ní oṣù kẹta ọdún 2024, Andres Freund ṣàkíyèsí pé ìwọlé sí ẹ̀rọ kan ń pẹ́ díẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ó tọpasẹ̀ rẹ̀ títí ó fi rí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn tí ẹnìkan fi pamọ́ sínú ètò kan tó ń jẹ́ xz, ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1. Ẹ̀dà wọ̀nyí ti wọ àká tí Debian fi ń dán nǹkan wò, ṣùgbọ́n wọn kò dé èyí tí ará ìlú ń lò. Ìdúró tí ohun tuntun ń dúró kó tó wọlé, tó máa ń sú wa nígbà mìíràn, òun ló yọ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́jọ́ náà.

Àṣà kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ yẹra fún. Àwọn kan á ní kí ẹ fi ìlà kan ṣoṣo gba script láti orí íntánẹ́ẹ̀tì, kí bash máa ṣe é bó ṣe ń wọlé. Ẹ ò rí i kà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá wá já láàárín, bó ṣe máa ń já níbi tiwa, bash ti ṣe ìdajì, ìdajì tó kù kò dé. Ẹ kọ́kọ́ gba fáìlì sílẹ̀, ẹ ṣí i, ẹ kà á, kí ẹ tó tẹ sudo bash.

Jos, dátà àti àká inú ọgbà

Ọ̀rọ̀ àká kì í ṣe tuntun ní Jos. Ní ìparí àwọn ọdún 1990, Cliff Missen láti Yunifásítì Iowa ní Amẹ́ríkà wá ṣiṣẹ́ ní Yunifásítì Jos lábẹ́ ètò Fulbright. Íntánẹ́ẹ̀tì ìgbà náà wọ́n, ó sì ń fà. Lẹ́yìn náà ni ètò WiderNet tó dá sílẹ̀ gbé eGranary jáde: wọ́n ń kó ọ̀kẹ́ àìmọye ìwé láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sórí díìsì kan, wọ́n sì ń gbé e wọ inú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè kà á láìsanwó íntánẹ́ẹ̀tì. Àká náà ni orúkọ rẹ̀ dúró fún ní èdè Gẹ̀ẹ́sì.

Ohun kan náà ni a lè ṣe fún ètò kọ̀ǹpútà. Ètò kan tó ń jẹ́ apt-cacher-ng wà. Ẹ fi sórí ẹ̀rọ kan ní yàrá kọ̀ǹpútà. Àwọn ẹ̀rọ yòókù yóò máa gba ọwọ́ rẹ̀ lọ sí àká Ubuntu, ohun tí ẹ̀rọ àkọ́kọ́ bá ti gbà wálẹ̀, kò sí ẹ̀rọ mìíràn tí yóò tún ná dátà lé e lórí. Ìlà méjì ni script yóò fi sínú /etc/apt/apt.conf.d lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan: ọ̀kan tó dárúkọ ẹ̀rọ náà àti ibùdó 3142 tó ń gbọ́ sí, èkejì tó ní kí àká tó ń lo https, bíi ti QGIS, máa kọjá tààrà. Ẹni tí kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nílé rárá lè lo apt-offline. Yóò kọ ohun tó nílò sórí flash, yóò gbé e lọ síbi tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì wà, yóò sì gbé e padà wá. Òǹtẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lórí flash bó ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí wáyà.

Ọ̀nà àtipadà

Àlejò tó bá wọlé gbọ́dọ̀ lè jáde. Script tó dára máa ń fi ohun tó kọ sí ojú kan tí a mọ̀, kí a lè kó o kúrò. Nínú àpẹẹrẹ wa, fáìlì méjì péré ni: qgis.sources àti kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ tẹ apt update, apt kò tún ní gba ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Àwọn ètò tí ó ti kó wá ṣì wà, ẹ óò yọ wọ́n fúnra yín. Bí ó bá jẹ́ PPA ni, ppa-purge yóò dá ètò padà sí ẹ̀dà ti Ubuntu. Bí ẹ bá fẹ́ mọ àká tí ètò kan ti wá, ẹ tẹ apt policy àti orúkọ ètò náà. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ gòkè láti Ubuntu kan sí òmíràn, Ubuntu fúnra rẹ̀ yóò kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn gbogbo àká àlejò. Ẹ̀yin ni ẹ óò pinnu èyí tí ó yẹ kí ẹ tún ṣí.

Àwọn àgbà tún ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ ni. Script kò ní irú làákàyè bẹ́ẹ̀. Bí a bá rán an níṣẹ́ ẹrú, bí ẹrú ni yóò jẹ́ ẹ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé wa ló ń jó. Làákàyè náà gbọ́dọ̀ ti ọ̀dọ̀ ẹni tó rán an wá. Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ Naraguta, àti ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbikíbi tí ẹ bá wà: bí script bá gùn ju ohun tí ẹ lè kà tán lọ, ẹ wá èyí tó kúrú. Kí ẹ tó fi ọ̀rọ̀ aṣínà yín lé e lọ́wọ́, ẹ ṣí i, kí ẹ sì kà á dé ìlà tó kẹ́yìn.